Òkìtì ogun àwọn Norman tó wà lẹ́yìn ilé wa, àti ohun tí ojú mi rí kí n tó tún un ṣe

Lọ́yà tó bá wa ra ilé wa ní Herefordshire mọ̀. Ó wà nínú ìwé tí kánsù fi dá a lóhùn pé òkìtì ńlá tó wà nínú pápá ẹ̀yìn ilé náà wà lábẹ́ ààbò òfin, òun àti yàrà rẹ̀ àti àgbàlá àtijọ́ tó so mọ́ ọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fara sin ní England. Bí ìjọba bá ti fi ibì kan sínú ìwé ààbò, yóò hàn nígbà tí lọ́yà bá ń wádìí ilẹ̀ lọ́wọ́ kánsù. Ó hàn lóòótọ́. Lọ́yà wa fi ojú ewé yẹn sáàárín ìwé jàǹtìrẹrẹ, ó ní ká fọwọ́ sí i, ó sì gba owó rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó mú wa wo ilé náà ní tirẹ̀ sọ fún wa pé òkè kékeré kan ni, pé àwọn ọmọ wa yóò gbádùn àtimáa gùn ún.

Ìgbà tí mo fẹ́ dí àwọn ihò tó wà lára òkìtì náà, tí iyẹ̀pẹ̀ ń ya jáde nínú wọn bọ́ sí yàrà, ni mo tó mọ ohun tí a rà. Aládùúgbò wa kan, àgbà darandaran tí àwọn àgùntàn rẹ̀ máa ń jẹ̀ nínú pápá náà, ló rí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi tó sáré wá. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ibẹ̀ jẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, àti pé owó ìtanràn rẹ̀ kò ní gbèdéke. Mo gbé ṣọ́bìrì wọlé. Mo pe lọ́yà. Ó ní òun fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa, pé ó wà lójú ewé báyìí-báyìí.

Iṣẹ́ náà ti parí báyìí, ó sì parí dáadáa, mo lè mú ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Ṣùgbọ́n owó tó bá a lọ ju owó tí a fi pààrọ̀ òrùlé ilé lọ, àsìkò tó sì jẹ kọjá ohun tí mo lè fi ẹ̀rín gbà. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kúrò nínú ìlú ńlá lọ ra ilé ní ìgbèríko England, nítorí a ti ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òkìtì náà jẹ́ ná. Nígbà tí William ti Normandy, olórí àwọn Norman láti ilẹ̀ France, gba England ní 1066, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kéré láàárín àwọn ènìyàn tí kò fẹ́ wọn, wọn kò sì ní àyè láti máa fi òkúta mọ odi káàkiri. Wọ́n á gbẹ́ yàrà yípo, wọ́n á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sí àárín títí yóò fi ga, wọ́n á tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi igi kọ́ ilé ìṣọ́ sí i. Nísàlẹ̀, wọ́n á pa àgbàlá kan tó ní yàrà àti ọgbà igi tirẹ̀, níbi tí àwọn ẹṣin, ilé ìdáná àti ibùsùn àwọn ọmọ ogun wà. Agbègbè wa kún fún irú ilé olódi yìí nítorí ààlà Wales ló wà, ibẹ̀ ni ogun ti máa ń bẹ́. William FitzOsbern, tí ọba fi jẹ olórí Herefordshire, ló kọ́ ti Wigmore àti ti Clifford, òun ló sì tún ti Ewyas Harold ṣe. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti àwọn tó ni ín tí ọba ní kí wọ́n kọ ní 1086.

Tiwa kò sí nínú ìwé kankan. Kò ní òkúta kan ṣoṣo lórí, igi tí wọ́n fi kọ́ ọ ti jẹrà tipẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín sì ti sọnù. Iyẹ̀pẹ̀ ló kù. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an sì ni òfin ń ṣọ́. Ní Hen Domen nítòsí Montgomery, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, Philip Barker, onímọ̀ ilẹ̀ àtijọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ àgbàlá ilé olódi kan ní 1960, iṣẹ́ náà sì lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ibi tí òpó igi ti jẹrà sínú ilẹ̀, tí àwọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ni wọ́n fi mọ ibi tí ilé wà, bí ó ṣe tóbi tó, èyí tí wọ́n wó àti èyí tí wọ́n tún kọ́ lé e lórí. Àwọn ìpele ilẹ̀ wọ̀nyẹn ni ìwé ìtàn irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹranko tàbí ènìyàn tó bá hú wọn dà pọ̀ ti ya ìwé náà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Òkè-Ẹ̀rì, lórí fóònù, wọ́n kọ haà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ilẹ̀ tí o fi owó ara rẹ rà ni wọ́n ní o ò gbọdọ̀ gbẹ́?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rántí yàrà Sungbo tó gba ẹ̀yìn oko bàbá wa kọjá. Ká ní ẹnì kan ti ń ṣọ́ ọ báyìí láti ìgbà tí ẹ̀yin àti èmi wà lọ́mọdé ńkọ́?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Eredo Sungbo gùn ju kìlómítà 160 lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi rẹ̀ tó mítà 20, bẹ́ẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí nínú rẹ̀. Àwa náà ní òfin o. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ jáde ní 1979, ọdún kan náà tí England ṣe èyí tó ń lò lónìí. Nítorí náà, èmi kò bá òfin jà rárá. Àwọn tí mo sanwó fún láti là mí lọ́yẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lára irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kò nira. Ẹ rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Historic England, àjọ tó ń bójú tó àwọn ibi àtijọ́, ló ń gbà á lórúkọ mínísítà, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹ kọ ibi tí ihò wà, bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tí ẹ fẹ́ fi dí i àti ẹni tí yóò dúró ti iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọdún 5 ni agbára rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Àgùntàn darandaran wa kò nílò àṣẹ kankan láti máa jẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn yẹ kí wọ́n má pọ̀ jù, kí wọ́n má sì máa gba ojú kan ṣoṣo gun òkè títí ilẹ̀ yóò fi bó.

Kọngílá tó wá wo àwọn ihò náà lákọ̀ọ́kọ́ fọwọ́ sọ̀yà pé ehoro ló gbẹ́ wọn. Orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù wa dúró lé. Àṣẹ dé, mo san owó àsansílẹ̀ fún un, ó dá oṣù kẹrin fún wa. Nígbà náà ni ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa irú òkìtì yìí wá bá wa wò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ihò tó tóbi jù, kò pẹ́ tó fi dìde. Ẹnu ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, orí rẹ̀ rí roboto. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ńlá wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹranko kan wọ́ jáde. Irun dúdú-funfun líle há sára wáyà. Badger ni.

Ẹran tó tó ajá kékeré ni badger. Orí rẹ̀ funfun, ìlà dúdú méjì gba ojú rẹ̀ kọjá, òru ló fi ń jẹ̀, èékánná rẹ̀ sì lágbára láti wa ilẹ̀ débi pé ihò ìdílé kan lè gba abẹ́ òkìtì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ní England, òun náà ní òfin tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1992. Ẹ ò gbọdọ̀ pa á, ẹ ò gbọdọ̀ dí ihò rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dì mọ́ra. Òfin 1979 ní òkìtì kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Badger ń bà á jẹ́ lálaalẹ́. Òfin 1992 ní ẹ má fọwọ́ kan badger. Àwọn tó ṣe òfin 1992 rò ó, nítorí wọ́n fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀ka 10 pé a lè gba ìwé àṣẹ láti lé badger kúrò bó bá jẹ́ nítorí ibi tó wà nínú ìwé ààbò, Natural England, àjọ tó ń bójú tó ẹranko àti igbó, ló sì ń fún ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí ènìyàn ti ihò badger pa àfi láti ọjọ́ kìíní oṣù keje sí ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, nítorí ọmọ máa ń wà nínú ihò láwọn oṣù yòókù. Oṣù kẹrin tí kọngílá dá fún wa bọ́. Owó àsansílẹ̀ náà kò padà. Ó ní ẹ̀bi òun kọ́ pé ẹran náà kì í ṣe ehoro.

Ibi tí inú ti bí mi jù lọ nìyí o. Kí wọ́n tó fún ni ní àṣẹ, onímọ̀ nípa ẹranko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ihò yẹn ni olú-ilé ìdílé badger náà tàbí ibi tí wọ́n kàn ń yà sí. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni kí wọ́n po ẹ̀pà mọ́ omi ṣúgà pẹ̀lú èérún pílásítíìkì aláwọ̀, kí wọ́n kó o sẹ́nu ihò, kí wọ́n wá máa wá àwọ̀ yẹn kiri nínú ìgbẹ́ badger káàkiri pápá. Àwọ̀ yẹn ló ń fi ibi tí ilẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan dé hàn. Ìparí òtútù sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń ṣe é, bó bá ti kọjá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ tí a gbé e fún mọ èyí ju èmi lọ. Wọ́n gba ìlàjì owó wọn nígbà tí òtútù ṣì ń mú. Oṣù kejì lọ, wọn kò rán ẹnì kankan wá. Mo kọ ímeèlì, wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Mo pè, ẹni tó gbé fóònù ní òun yóò jíṣẹ́. Oṣù kẹta lọ. Oṣù kẹrin, ẹnì kan wá, ó ya fọ́tò, ó ní òun yóò padà wá pẹ̀lú ẹ̀pà. Kò padà. Nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí koríko ti bo gbogbo ibẹ̀, ni wọ́n tó kọ̀wé pé àsìkò ti kọjá, pé àwọn yóò fi wá sínú ètò ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé owó tuntun.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi gba òkìtì yẹn lọ́wọ́ wa. Òjò tó rọ̀ ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e wọnú àwọn ihò náà, apá kan òkìtì ya lulẹ̀ wọ yàrà. Lára iyẹ̀pẹ̀ tó ya náà ni mo ti rí àpáàdì kan, èyí tó dúdú lẹ́yìn nítorí èéfín iná. Mi ò gbé e. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo pe onímọ̀ ilẹ̀ àtijọ́ tí a ti bá sọ̀rọ̀, ó wá wò ó, ó ní ara ìkòkò ìdáná ni. Ẹnì kan se oúnjẹ nínú ìkòkò yẹn lórí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì wa. Ká ní ó ṣì wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ nínú ilẹ̀, ì bá sọ ìgbà tí wọ́n mọ apá ibẹ̀. Nísinsìnyí, ìkòkò nìkan ló lè sọ pé òun jẹ́. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi gba ìlàjì owó wa padà. Wọ́n dá a padà.

Darandaran ló júwe obìnrin kan fún wa, tó ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ó wá nígbà tó sọ pé òun yóò wá, ó jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú awò alẹ́, ó ta ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá èsì rẹ̀ títí ó fi rí i. Olú-ilé ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ kọ́ ilé mìíràn fún wọn kí a tó lé wọn, kí ó sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Níbo? A kò lè kọ́ ọ sínú àgbàlá àtijọ́, nítorí àgbàlá náà wà nínú ìwé ààbò. Ààlà náà tún fi mítà 2 kún ẹ̀yìn odi yàrà. Ibi tó bá sì jìnnà jù, ilẹ̀ ìdílé badger mìíràn ni, wọ́n á jà. Àwòrán ilẹ̀ tó ní àwọ̀ wọ̀nyẹn ló yọ wá. Igun kan wà nísàlẹ̀ pápá, lẹ́bàá ọgbà igi, tó bọ́ sẹ́yìn ààlà, tó sì ṣì jẹ́ tiwọn. Katapílà gbẹ́ ibẹ̀, a ri páìpù àti yàrá inú rẹ̀, a bò ó. Ìyàwó mi ló ń gbé ẹ̀pà lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó rí ojú ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pariwo pè mí láti ìsàlẹ̀ pápá.

Mo rò pé ó ti tán. Àṣẹ Natural England dé, oṣù keje wọlé, a fi ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan: badger lè jáde, kò lè wọlé. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá láìsí àmì pé ọ̀kan padà wọlé. Lẹ́bàá àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí, a ní láti tẹ́ wáyà onírin sórí ilẹ̀ kí wọ́n má baà gbẹ́ ihò mìíràn. Wáyà náà ní èèkàn tí yóò wọlẹ̀. Èèkàn tó bá wọ ilẹ̀ òkìtì, iṣẹ́ tó nílò àṣẹ ni. Àṣẹ tí a gbà tẹ́lẹ̀ kò sọ̀rọ̀ wáyà, nítorí ti ehoro ni. A tún kọ̀wé, a tún dúró, oṣù ń lọ. Nígbà tí wáyà wá wà nílẹ̀, badger kan gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan wọlé, ọjọ́ 21 náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Mo ń wo kàlẹ́ńdà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò, nítorí bí oṣù kọkànlá bá parí mọ́ wa lọ́wọ́, ọdún mìíràn tún nìyẹn.

Kò parí mọ́ wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ títún òkìtì ṣe fúnra rẹ̀ wá yá lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Onímọ̀ ilẹ̀ àtijọ́ náà fọ ojú ihò tó fẹ̀ jù mọ́ pẹ̀lú ṣọ́bìrì kékeré, ó ya ìpele rẹ̀ sórí ìwé kí a tó fi nǹkan kan dí i. Mo dúró tì í. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: amọ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, amọ̀ pupa, ilẹ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ pátápátá tí onímọ̀ náà ní koríko ló ń hù níbẹ̀ kí wọ́n tó kó iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ lé e. Koríko tó wà níbẹ̀ kí àwọn Norman tó dé! Lẹ́yìn náà, a tẹ́ aṣọ líle kan sára ògiri ihò kí ẹni tó bá wá wò ó lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀, a fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ tí a rà láti ìta dí i, a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, a tẹ́ koríko lé e. Katapílà kò gun òkìtì rárá. Ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ni. Ọ̀gá tó ti kọ́kọ́ sọ pé badger ni tún wá, ó rìn yí i ká, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo fọ́nnu lórí rẹ̀ fún gbogbo ẹbí.

Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé èyíkéyìí ní ìgbèríko, ẹ lọ wo àwòrán ilẹ̀ National Heritage List for England, àkójọ àwọn ibi tó wà lábẹ́ ààbò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin náà á rí ààlà ibi tí òfin ń ṣọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ sọ fún lọ́yà yín nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu, pé kó ṣàlàyé gbogbo ohun tó bá jáde nínú ìwádìí kánsù. Bí ihò bá wà lára òkìtì, ẹni tó mọ badger ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, kí ẹ sì pè é kí ọdún tuntun tó wọlé. Ẹ kọ wáyà àti èèkàn rẹ̀ sínú àṣẹ àkọ́kọ́. Owó àsansílẹ̀ ní tirẹ̀, èmi kò san án mọ́ láìsí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé.

Ó ku àwọn igi ash tó wà lápá kejì òkìtì, tí àrùn tó ń pa ash káàkiri Britain ti gbẹ. Bí ìjì bá wó wọn, gbòǹgbò wọn yóò fa ìpele ilẹ̀ náà tu. Agégi tó ń fi okùn gun igi ni yóò gé wọn ní ìgbà òtútù yìí, díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá, kùkùté wọn yóò sì wà nílẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Àṣẹ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ iṣẹ́ sì wà nínú ìwé.